Orí Ẹja Bàbá Ìṣọ̀lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Ẹni tó bá gún ẹja, kó fi orí rẹ̀ hàn"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á káàkiri ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ja ìjà ààlà ilẹ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù, gbogbo wọn á sì máa mi orí bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìkankan nínú wọn kò sí níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikú lọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tí ẹ̀rín bá ń pa, kó lọ rín in tán lẹ́yìnkùlé kó tó padà wá jókòó.

Obìnrin kan wà ní ìlú Ìdí-Ìyeyè tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ọdún kejì rẹ̀ nílé ọkọ nìyí. Ọkọ rẹ̀, Rọ̀gbà, káfíńtà ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí téèpù ìwọnpákó kì í kúrò lápò rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ sùn. Ilé wọn wà nínú agboolé, kò jò, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí Ìbídùn ti dé ni ẹ̀rù ti ń bà á, ẹ̀rù náà sì ní orúkọ. Bàbá Ìṣọ̀lá ni, bàbá ọkọ rẹ̀, olórí ẹbí.

Bàbá Ìṣọ̀lá kì í pariwo. Ìbá sàn bó bá ń pariwo. Bí nǹkan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò dákẹ́, yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò fi etí aṣọ nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò dá a padà sójú, yóò wá sọ gbólóhùn kan péré. Irú gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ ló fi lé Tìmíyìn, ọmọ àbúrò rẹ̀, kúrò nínú ìpàdé ẹbí ní ọdún méje sẹ́yìn. Tìmíyìn yìí ni òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nílé ìwòsàn kékeré ìlú. Ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan lókè odò, wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ fún un, ó jẹ ẹ́, ẹnìkan sì rí i. Àrọ̀ ni èèwọ̀ ilé wọn.

Ìtàn wọn ni pé nígbà tí baba ńlá wọn ń sá bọ̀ láti ojú ogun, odò kún dí i lọ́nà, àrọ̀ kan tó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi ló gbé e sẹ́yìn sọdá. Àrọ̀ náà kò gba ẹrú, kò gba ìwọ̀fà. Ìlérí kan ló gbà, pé àwọn ọmọ baba ńlá náà kò ní jẹ ọmọ òun láéláé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lórí ilẹ̀ agboolé, ètè rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wú, ahọ́n rẹ̀ yóò gbóná, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti di ẹni àná. Wọ́n máa ń sọ ìtàn yìí fún ìyàwó tuntun lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí wọ́n tó fún un lómi mu. Ìbídùn gbọ́ ọ tán, ó gba omi, omi náà há a lọ́fun, kò sì tíì sọ̀kalẹ̀ tán títí di ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Ní ọdún tó ṣáájú, àtọ̀gbẹ mú Bàbá. Tìmíyìn ló rí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í kíra wọn. Bàbá á kàn wọlé, á na ìka síta bí ẹni tó ń na kọ́kọ́rọ́ sí aṣọ́nà, Tìmíyìn á gún un lábẹ́rẹ́, á sì bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó sọ fún ògiri pé kí ẹni tó lẹ̀jẹ̀ yìí fi iyán sílẹ̀, kó fi ẹ̀bà sílẹ̀, kó fi àmàlà àti búrẹ́dì àti gbogbo ohun tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ṣe sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ ni wọn yóò gé. Bàbá ní kí wọ́n bá òun bi ògiri léèrè pé kí ló wá kù téèyàn lè jẹ. Ògiri ní ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gúsí. Bàbá ní ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ, ohun tí wọ́n fi ń jẹun ni.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni Àǹtí Ṣùbú, àkọ́bí Bàbá, fi ń se ẹ̀fọ́ fún un. Àǹtí Ṣùbú ti lé ní àádọ́ta ọdún, òun àti Bàbá ló jọ ń gbé nílé iwájú agboolé, ó sì láyà ju ọkùnrin mẹ́ta lọ. Àmọ́ bó ṣe ń se ẹ̀fọ́, ewúrẹ́ nìkan ló ń yìn ín. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kan, Bàbá bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó ní bí ohun tí òun bá jẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò bá jẹ́ oúnjẹ, iyán ni òun yóò jẹ lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ lọ máa lọ.

Ẹnìkan gbọ́dọ̀ se oúnjẹ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Gbogbo agboolé wo ilẹ̀. Ìbídùn kò tètè wo ilẹ̀, ojú wọn bá gún sí i lára.

Kò sùn dáadáa lọ́jọ́ méjèèjì. Bó bá di ojú, ẹsẹ̀ Bàbá ló ń rí, ó dá dúró gedegbe, ó wọ bàtà, ó ń rìn lọ lójú títì láìsí Bàbá. Àkàrà ẹja ló wá sí i lọ́kàn. Àkàrà tí kò ní ìyẹ̀fun, tí kò ní ọ̀dùnkún, tí kò ní búrẹ́dì, tí yóò ṣe roboto, tí yóò pọ́n, tí àgbàlagbà yóò lè dì mú kó sì gbà pé òun ń jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó lọ sọ́jà. Abọ́ ńlá ìyá ẹlẹ́ja ní ẹ̀pìà lápá kan, ó ní àrọ̀ lápá kejì, omi kan náà ló pa wọ́n pọ̀. Ìbídùn na ìka sí ẹ̀pìà kan tó gbórín bí ẹsẹ̀ ọkùnrin. Lẹ́ẹ̀mẹta ló na ìka náà, kí àṣìṣe má bàa wà. Ó ní kí wọ́n bá òun họ ìpẹ́ rẹ̀ kí wọ́n sì gé orí rẹ̀ lọ́tọ̀, ó lọ ra ẹ̀gúsí, ó padà wá gba ẹja nínú ọ̀rá dúdú. Nígbà tó délé ó tú u, ó wo orí náà. Ẹ̀pìà ni. Orí kúkúrú, ẹnu kékeré, kò sí irùngbọ̀n kankan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí pé ìgbà tí ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ kẹ́yìn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ó gbé orí náà sínú ìkòkò kékeré, ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ó sè é jinná, ó sì dé e sí ẹ̀yìn àdògán. Orí ẹja, ti olórí ilé ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ìyẹn ní Ìdí-Ìyeyè. Lẹ́yìn náà ló wá bọ ara ẹja, ó fi ìka yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún un yọ, ó tún un wò lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí ó ti rí i lójú inú bí egungun kan ṣe há sí ọ̀fun olórí ẹbí. Ó gbé e sínú odó kékeré.

Nílé iwájú, Bàbá gbọ́ ìró odó. Ó dìde jókòó lórí ibùsùn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ẹni tí kò fojú kan iyán fún oṣù mẹ́fà, tó wá ń gbọ́ odó lọ́sàn-án gangan lẹ́yìnkùlé ọmọ rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó dìde, ó wẹ ọwọ́ kí wọ́n tó pè é, òun àti Àǹtí Ṣùbú sì gba ilé Rọ̀gbà lọ. Àǹtí Ṣùbú gbé báàgì rẹ̀ dúdú lọ́wọ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun kàn fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìbídùn po ẹja gígún náà mọ́ ẹyin méjì, ẹ̀gúsí lílọ̀, àlùbọ́sà, efinrin àti ata tó pọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mẹ́ta àkọ́kọ́ fọ́ yángá nínú epo. Kò sí ìyẹ̀fun tí yóò dì í mú. Ó dúró ti àdògán, ó ń wo ẹsẹ̀ Bàbá tó ń fọ́ yángá nínú epo. Ó fi ẹ̀gúsí kún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó ń tẹ ọmọ sùn, ó rọra gbé e sínú epo díẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi pọ́n. Ẹ̀kẹrin dúró. Ẹ̀karùn-ún dúró. Mẹ́fà pé lórí àwo. Ara rẹ̀ rin fún òógùn, kò sì lè gbé oúnjẹ síwájú Bàbá báyẹn, ló bá ní kí Àǹtí Ṣùbú jọ̀ọ́ bá òun wo ilé ìdáná, kí òun sáré fi omi sára. Àǹtí Ṣùbú ní kó lọ, ó ní òun wà níbẹ̀.

Nígbà tó gbé àwo náà síwájú Bàbá, Bàbá wo inú rẹ̀ títí. Ó wo ẹ̀yìn Ìbídùn bóyá iyán ń bọ̀ lẹ́yìn. Iyán kò bọ̀. Ó bọ́ awò ojú. Ìbídùn kúnlẹ̀.

"Kí nìyí, ìyàwó?"

"Àkàrà ẹja ni, Bàbá. Kò sí ìyẹ̀fun níbẹ̀ rárá."

Bàbá dá awò padà. Ó mú ọ̀kan, ó gé e jẹ. Ó mú ìkejì. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

"Ó rọ̀ lẹ́nu," ni ó wí. "Ó lọ́ràá. Bí àrọ̀ gan-an ló ṣe rí."

Ó jẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó la ìka, Rọ̀gbà sì wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó gba ife ìdíje. Bàbá wá nu ẹnu, ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó béèrè ohun tí olórí ilé ń béèrè.

"Orí rẹ̀ dà?"

Ìbídùn fẹ́rẹ̀ẹ́ fò wọ ilé ìdáná. Ó débẹ̀, ó bá ìkòkò kékeré náà ní ìdojúdé. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó mọ́ tónítóní, ó ń dán. Ó gbé e, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn àdògán, ó wo inú odó, ó wo ọ̀rá dúdú. Ó tú ìdọ̀tí. Ìpẹ́ kò sí níbẹ̀, ọjà ni wọ́n ti họ ọ́. Àwọn egungun tó wà níbẹ̀ kò lórúkọ, egungun lásán ni wọ́n. Ó padà sí pálọ̀.

"Mi ò rí i mọ́, Bàbá."

"Ẹja tí kò lórí," ni Bàbá wí. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó ń jẹ ìkẹrin bá padà wá bá a. Gbogbo wọn rí i bó ṣe dé ojú rẹ̀. "Irú ẹja wo ni, ìyàwó?"

"Ẹ̀pìà ni, Bàbá."

"Ta ló rí i pé ẹ̀pìà ni?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ àti ta?"

Kò sí àti ta. Rọ̀gbà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Ó tún béèrè bóyá àrọ̀ wà nínú abọ́ náà. Ìbídùn kò lè purọ́, ó ní ó wà níbẹ̀. Rọ̀gbà béèrè bóyá ìyá ẹlẹ́ja lè ti ṣi ẹja gé nígbà tó lọ ra ẹ̀gúsí. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló tún ìbéèrè náà gbà bọ̀. Ní àkọ́kọ́, orí tó wà lójú inú Ìbídùn kúrú, ẹnu rẹ̀ kéré. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹnu náà ti ń fẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, irùngbọ̀n ti hù lápá ọ̀tún.

Àǹtí Ṣùbú ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Ó fọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń mì síwá sẹ́yìn, ó ní kí ni wọ́n fi bàbá òun ṣe yìí. Bàbá fi ìka kan ètè rẹ̀. Ó ní ó ti ń wú. Wọ́n mú dígí wá fún un. Ó yọ ahọ́n sí dígí, ó ní ó gbóná. Ìbídùn rántí ata tí ọwọ́ gbígbọ̀n bù sí i, ó la ẹnu láti sọ ọ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó pa èèyàn kì í sábàá rójú sọ̀rọ̀ ata.

Bàbá ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún òun níwájú fèrèsé ìwọ̀-oòrùn, kí òun lè máa wo ibi tí oòrùn dé. Ó dùbúlẹ̀, ó ká ọwọ́ sí àyà. Rọ̀gbà kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ohun kan sì ti mọ́ ọwọ́ náà lára, ẹ̀rù sì ń bà á, ló bá fa téèpù yọ lápò, ó ń fà á jáde, ó ń tì í wọlé, ó ń yí ẹní po.

"Rọ̀gbà," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́, "má tíì wọ̀n mí."

Rọ̀gbà ju téèpù sílẹ̀ bí ẹni tó ju ejò, ó sì sáré lọ pe Tìmíyìn, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn nílùú. Bí ó ṣe ń jáde, oòrùn ti kúrò lórí òrùlé ilé ìdáná, ó ti bọ́ sórí igi ìyeyè.

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ ní igun. Ó ń ṣe ìṣirò ẹrù rẹ̀. Àpótí kan ni, ẹní kan, ìkòkò mẹ́rin. Ìkòkò kékeré náà yóò fi sílẹ̀ fún wọn. Kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Bí èèyàn bá fi májèlé pa olórí ẹbí, ó ṣe é gbọ́ sétí, àwọn èèyàn á bẹ̀rù rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ òun fi àkàrà pa tirẹ̀. Wọn yóò máa fi í dẹ́rù ba àwọn ìyàwó tuntun láàárín ìtàn àrọ̀ àti ife omi. Ó tún wo ẹsẹ̀ Bàbá méjèèjì tó nà gbọọrọ lórí ẹní. Ẹsẹ̀ náà ló fẹ́ gbà là. Ó ti gba ẹsẹ̀ là, ó wá pa ẹni tó ni ín.

Àwọn èrò kan yọjú láti ẹnu ọ̀nà, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún. Àga onígi rẹ̀ di ti Rọ̀gbà. Awò ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n sin ín mọ́ òun, òun yóò nílò rẹ̀ níwájú baba ńlá. Ó ní kí Àǹtí Ṣùbú, ọmọ tó tọ́jú òun, tí kò fi ohun kan pamọ́ fún òun rí, gba ilé iwájú. Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí Ṣùbú ké, ó sì tún di báàgì náà mú dan-in.

Tìmíyìn dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó kúnlẹ̀, Bàbá na ìka síta, wọn kò kíra wọn. Tìmíyìn gún ìka náà, ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré rẹ̀, ó wò ó, ó gbọn ẹ̀rọ náà, ó tún gún ìka mìíràn.

"Ṣúgà yín ti wálẹ̀," ló sọ fún ògiri. "Kò tíì wálẹ̀ tó báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ̀n ọ́n."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni Bàbá dáhùn. "Ara máa ń palẹ̀ mọ́ kí onílé tó jáde."

Tìmíyìn wo ètè, ó wo ahọ́n. Ó ní ata ni. Bàbá ní Tìmíyìn kò tíì rí ìkà baba ńlá rí ló ṣe ń pè é ní ata. Oòrùn ti kan ìsàlẹ̀ igi ìyeyè báyìí, òjìji fèrèsé ti gùn dé orókún Bàbá. Tìmíyìn kúrò lẹ́nu bíbá ògiri sọ̀rọ̀, ó kọjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún méje.

"Bàbá, mo jẹ àrọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo jẹ ẹ́. Mo ṣì wà láàyè."

"Níbo lo ti jẹ ẹ́? Òdìkejì odò. Èèwọ̀ wa kì í sọdá odò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Bàbá wo oòrùn.

"Tí kì í bá sọdá odò," ni Tìmíyìn wí, "kí lẹ fi lé mi kúrò nípàdé?"

Ìgbà yẹn ni ohun kan já bọ́ sí Ìbídùn lọ́kàn, ohun tó ti ń kan ilẹ̀kùn láti ọ̀sán tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó wọlé. Kò mọ ìgbà tó sọ ọ́ jáde. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹni tó ń béèrè iyọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ní bí àrọ̀ gan-an ló ṣe rí lẹ́nu. Báwo lẹ ṣe mọ bí àrọ̀ ṣe ń rí lẹ́nu?"

Bàbá Ìṣọ̀lá yí orí sí i lórí ẹní. Ó bọ́ awò ojú, àmọ́ kò nù ún. Ó wo fèrèsé. Ìwọ̀n ìka méjì ló kù kí oòrùn wọ̀. Ọkùnrin tó bá ń lọ bá baba ńlá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ru ẹrù èké lọ.

"Ọdún mọ́kànlá," ló wí. "Nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé níbi iṣẹ́ pákó lókè odò. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fi àrọ̀ se ọbẹ̀ ata. Ẹ̀kọ mẹ́rin ni mo máa ń fi jẹ ẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí odò, kí baba ńlá wa má bàa dá mi mọ̀."

Tìmíyìn ń ka ìka lábẹ́nu, ó ń wá iye ọjọ́ Ẹtì tó wà nínú ọdún mọ́kànlá.

"Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo jẹ tèmi."

"Mo mọ̀."

"Orí rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?" ni Tìmíyìn béèrè.

"Orí ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ," ni Bàbá wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. A kò mọ̀ bóyá omi ìrònúpìwàdà ni tàbí ti ìrántí. Ó tẹ̀ síwájú, nítorí ìjẹ́wọ́ dà bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹni tó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e kì í lè dúró ní àárín. Ó ní lókè odò lohun gbogbo ti dára, èèwọ̀ kò rí òun níbẹ̀. Ó ní òní yìí ló bá òun nílé, lórí ilẹ̀ gan-an, ó sì mú gbogbo ọjọ́ Ẹtì wọ̀nyẹn dání wá. Ó ní kí Tìmíyìn dáríjì òun. Ó ní kí Tìmíyìn gba àga òun nínú ìpàdé ẹbí.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí ni Àǹtí Ṣùbú já balẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Kò lè fara dà á mọ́. Ó ṣí báàgì dúdú náà, ó fa ìdì ewé kan yọ, ó tú u sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Orí ẹja ni. Wọ́n ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n ti fa ojú kan mu, àmọ́ ìdajì tó kù wà ní pípé. Ó kúrú. Ẹnu rẹ̀ kéré.

"Ẹ̀pìà ni," ni Àǹtí Ṣùbú wí. "Èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo ní kí n tọ́ ọ wò lásán ni. Ó dùn."

Rọ̀gbà béèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán, tí bàbá wọn ń kú lọ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Ó ní òun rò pé Bàbá yóò gbàgbé orí náà. Ó ní nígbà tí Bàbá sì pín ilé iwájú fún òun nítorí pé òun kì í fi nǹkan pamọ́, ó wá di ohun tó ṣòro láti sọ.

Tìmíyìn gbé orí ẹja náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ó ṣe ń yẹ aláìsàn wò. Ó ní kò sí irùngbọ̀n. Ó gbé e sínú àwo tí Bàbá ti jẹun, ó sì dojú rẹ̀ kọ Bàbá.

Oòrùn wọ̀.

Bàbá dúró díẹ̀ bóyá òun yóò kú. Kò kú. Ètè rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó dìde jókòó lórí ẹní, ó sì wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó jẹ orí rẹ̀, ọmọ tó fẹ́ wọ̀n ọ́n, ọmọ àbúrò tó ti gba àga rẹ̀, àwọn ará agboolé tí wọ́n dí ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo wọn ti gbọ́ nípa ẹ̀kọ mẹ́rin. Ó wo orí ẹ̀pìà náà pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Orí náà nìkan ló pa ẹnu mọ́ nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá mú awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dá a padà sójú. Ìbídùn ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró de gbólóhùn kan péré náà.

Gbólóhùn náà dé. Àmọ́ kò lé ẹnikẹ́ni. Èmi kò gbọ́ pé ó tún fi gbólóhùn kankan lé èèyàn mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lára rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń jẹ àkàrà ẹja mẹ́fà nílé Rọ̀gbà, orí ẹ̀pìà á jókòó láàárín àwo, á dojú kọ ọ́ bí adájọ́. Wọn kì í gbà kí Àǹtí Ṣùbú gbé báàgì wọ ilé ìdáná. Omi tó há Ìbídùn lọ́fun láti ọdún méjì sọ̀kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Bàbá, tó jẹ́ pé bí ìyàwó náà bá ti la ẹnu, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀," yóò wá ibi tí fìlà rẹ̀ wà kó lè sá jáde.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún ń pa òwe náà, ẹ rọra pa á. Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ilé ẹjọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà kan ni, tó jókòó sórí ẹní ikú rẹ̀ láìkú, tó ti jẹ́wọ́ ọdún mọ́kànlá nítorí àkàrà mẹ́fà, tó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀:

"Ìyàwó, lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tó bá gún ẹja, kó fi orí rẹ̀ hàn."